Bí Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Ṣe Lè Tọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Sọ́nà Kó Tó Pẹ́ Jù

Lọ́dọọdún, ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama wa nílẹ̀ Yorùbá, a máa ń rí ọmọ tó dé SS 3 kó tó mọ̀ pé àwọn sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí òun ń kà kò lè gbé òun dé ibi tí òun ń lọ. Ọmọbìnrin kan fẹ́ di nọ́ọ̀sì, orí rẹ̀ pé, ó sì ń tẹpá mọ́ ìwé, ṣùgbọ́n Físíìsì kò sí lára ohun tó forúkọ sílẹ̀ fún, nítorí pé ẹnìkan ti sọ fún un ní ọdún méjì sẹ́yìn pé Físíìsì le jù fún obìnrin. Ọmọkùnrin kan fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin, àmọ́ ó ti pa Lítíréṣọ̀ tì láti SS 1 nítorí pé kíláàsì kejì ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà. Nígbà tí ìdánwò bá ku oṣù díẹ̀, kò sí ìmọ̀ràn tó lè tún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe láìjẹ́ pé ọmọ náà pàdánù ọdún kan tàbí méjì. Ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́ láti ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n wọ SS 1, nígbà tí wọ́n ń pín wọn sí kíláàsì tí kò sì sí àgbàlagbà kan tó jókòó tì wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, àwọn igbákejì wọn, àti àwọn olùkọ́ tó ń múra àtidi ọ̀gá lọ́la fi sọ́kàn ni pé títọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà kì í ṣe ìwàásù tí a ń ṣe fún wọn lórí ìlà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ètò ni. Ọ̀gá ló ní àṣẹ lórí àkókò kíláàsì, lórí fáìlì, lórí ẹni tí yóò kọ́ kíláàsì wo, àti lórí ọjọ́ tí a óò pe àwọn òbí. Nítorí náà, òun nìkan ló lè mú kí ìmọ̀ràn dé etí ọmọ nígbà tí ìmọ̀ràn ṣì wúlò. Olùdámọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ jù lọ kò lè ṣe é bí ọ̀gá kò bá fún un láyè.

Iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1959, ní St. Theresa's College ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, àwọn Sísítà ìjọ Kátólíìkì tó ń darí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣètò pé kí àwọn tó mọ onírúurú iṣẹ́ wá bá àwọn ọmọbìnrin tó wà ní ọdún ìkẹyìn sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n lè ṣe lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń kọ ìtàn ìdámọ̀ràn fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn alákòóso ilé-ẹ̀kọ́ ló fi ọwọ́ ara wọn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tí ó ṣì ku ọdún púpọ̀ kí Ìlànà Ìjọba Àpapọ̀ lórí Ẹ̀kọ́ tó jáde ní 1977 tó fi ìdámọ̀ràn kún ara iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹ pín iṣẹ́ náà kí ó má bàa di ti ẹnì kankan

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, bí olùdámọ̀ràn bá tilẹ̀ wà, kíláàsì ló ń kọ́ láti àárọ̀ títí di ìgbà tí aago ìparí bá lù, àwọn ọmọ kì í sì rí i àfi nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá lè ṣe, tí kò ná an ní kọ́bọ̀, ni láti dín píríọ̀dù olùkọ́ náà kù nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ètò àkókò kíláàsì fún ọdún tuntun, kí ó sì wá yàrá kékeré kan tó ní ilẹ̀kùn fún un. Mo tẹnu mọ́ ilẹ̀kùn yẹn. Ọmọ kò ní sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ní igun yàrá àwọn olùkọ́ níbi tí ènìyàn mẹ́wàá ti ń máàkì ìwé. Síbẹ̀, kí wíńdò yàrá náà jẹ́ èyí tí a lè rí inú rẹ̀ láti ìta, fún ààbò ọmọ àti olùkọ́ pẹ̀lú.

Níbi tí kò bá ti sí olùdámọ̀ràn rárá, ẹ má ṣe kàn fi iṣẹ́ náà lé olùkọ́ tí píríọ̀dù rẹ̀ kéré jù lọ lọ́wọ́. Ẹ bi àwọn ọmọ fúnra wọn, lórí ìwé tí kò ní orúkọ, pé ta ni nínú àwọn olùkọ́ ni wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ àṣírí lọ̀. Orúkọ méjì tàbí mẹ́ta ni yóò máa jáde léraléra, bóyá kì í sì í ṣe àwọn tí ọ̀gá ń rò. Lára àwọn yẹn, ẹ mú ọkùnrin kan àti obìnrin kan, ẹ fi igbákejì ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ kún wọn, kí wọ́n jẹ́ ìgbìmọ̀ kékeré tí yóò máa jókòó lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Iṣẹ́ wọn ni láti mú orúkọ àwọn ọmọ tó yẹ kí a pè wá síwájú, kí wọ́n sọ ẹni tí yóò pè wọ́n, kí wọ́n sì padà jábọ̀ ní ìjókòó tó tẹ̀lé e.

Olùkọ́ kíláàsì ni ojú àkọ́kọ́ nínú gbogbo ètò yìí. Ọ̀gá tó ní ẹgbẹ̀rún ọmọ kò lè mọ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó lè rí i dájú pé kò sí ọmọ kan tí kò sí àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà tí a fi ń wádìí èyí rọrùn: nígbà tí ọ̀gá bá ń rìn yí ká, kí ó ka orúkọ ọmọ márùn-ún láti inú ríjísítà, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì pé lọ́dọ̀ ta ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbé, kí ló sì mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ.

Fáìlì tó ń sọ̀rọ̀

Láìsí àkọsílẹ̀, àbá lásán ni gbogbo ìmọ̀ràn. Kí fáìlì ọmọ kọ̀ọ̀kan ní èsì rẹ̀ láti JSS 1, kì í ṣe ipò tó mú nìkan, bí kò ṣe máàkì sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní táàmù kọ̀ọ̀kan, kí a lè rí ibi tó ti ń gòkè àti ibi tó ti ń jábọ́. Kí ó ní iye ọjọ́ tí kò wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Kí ó ní bí ojú àti etí rẹ̀ ṣe rí, nítorí pé a ti rí ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo fún ọdún gbọọrọ, tó jẹ́ pé kò rí ohun tí wọ́n ń kọ sára pátákó ni. Kí ó ní orúkọ ẹni tó ń tọ́ ọ, iṣẹ́ tó ń ṣe lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ bí ó bá ń kiri ọjà tàbí tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ pé òun fẹ́ dà, pẹ̀lú déètì tó kọ ọ́, nítorí pé ọkàn ọmọ máa ń yí padà, bí ó sì ṣe yí padà jẹ́ ohun tó yẹ ká mọ̀.

Nínú gbogbo èyí, ọjọ́ tí ọmọ kò wá ló ń tètè sọ̀rọ̀ jù. Ọmọ tó ń pa ọjọ́ Ẹtì jẹ lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù ti ń sọ nǹkan kan fún wa kí máàkì rẹ̀ tó jábọ́. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ ọjà ìyá rẹ̀ ni, ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ń dẹ́rù bà á, ó lè jẹ́ pé kò ní aṣọ mìíràn láti wọ̀. Kí ọ̀gá pa á láṣẹ pé tí ọmọ kò bá wá fún ọjọ́ mẹ́ta léra, olùkọ́ kíláàsì gbọ́dọ̀ tẹ òbí rẹ̀ láago lọ́jọ́ kẹta gan-an, kí ó sì kọ ohun tó gbọ́ sínú fáìlì.

Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré àti ti àgbà ti ní ọ̀gá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ibi tí fáìlì ti máa ń sọnù ni ìgbà tí ọmọ bá ń rékọjá láti JSS 3 lọ sí SS 1. Ọgbà kan náà ni wọ́n sábà máa ń jọ lò, ògiri kan ló là wọ́n láàárín, síbẹ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti àgbà a máa gba ọmọ bí ẹni tí kò ní ìtàn kankan. Kí àwọn ọ̀gá méjèèjì fi ọjọ́ kan sílẹ̀ kí ọdún ẹ̀kọ́ tó parí, kí wọ́n jọ fi ọwọ́ sí ìwé pé fáìlì báyìí-báyìí ti kọjá. Ohun tó jẹ́ àṣírí nínú fáìlì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ àìsàn tàbí ọ̀rọ̀ ilé, kí ó wà nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, tí ọ̀gá àti olùdámọ̀ràn nìkan lè ṣí.

Láti JSS 3 sí SS 1: ibi tí ọ̀nà ti pín

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fi sùúrù bá mi lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìbànújẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí ètò 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní girama kékeré, mẹ́ta ní girama àgbà, mẹ́rin ní yunifásítì) ti bẹ̀rẹ̀ ní 1982 ni àwọn ọmọ wa ti ń dé oríta yìí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ní girama kékeré. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fa ìlà sínú èsì ìdánwò JSS 3: àwọn tí máàkì wọn ga á lọ sí sáyẹ́ǹsì, àwọn tó tẹ̀ lé wọn á lọ sí kọmáṣà, àwọn yòókù á lọ sí áàtì. Ètò yìí rọrùn fún ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtọ́sọ́nà. Ó ń ju ọmọ tó ní ẹ̀bùn èdè sí ibi tí wọn yóò ti máa fojú dí i, ó sì ń ti ọmọ tó kàn mọ ìwé há sórí lọ sí ibi tí Físíìsì yóò ti jẹ ẹ́ níyà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní táàmù kejì JSS 3, kí ìdánwò ìparí tó gba gbogbo ọkàn wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kan, kí àwọn olùkọ́ láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wọ kíláàsì wọn láti ṣàlàyé ohun tí ẹ̀ka tiwọn ń kọ́ àti iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó wù ú àti ìdí tó fi wù ú sílẹ̀, kí òbí rẹ̀ náà kọ tirẹ̀ sórí ìwé ọ̀tọ̀, láìjẹ́ pé ọ̀kan rí ti èkejì. Níbi tí ìwé méjèèjì bá ti tako ara wọn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ó sì sàn kí a mọ̀ nísinsìnyí ju kí a mọ̀ ní SS 2.

Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ bá ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí kíláàsì bá pọ̀, kí a pín in fún ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí a sì nà án dé ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn ìbéèrè tó dára kì í ṣe "Kí lo fẹ́ dà?" nìkan. Ẹ bi í pé sọ́bújẹ́ẹ̀tì wo ló máa ń kà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ẹ bi í pé èwo ló ń sá fún, ṣé nítorí sọ́bújẹ́ẹ̀tì náà ni àbí nítorí olùkọ́ tó ń kọ́ ọ. Ẹ bi í pé bí owó kò bá tíì sí fún yunifásítì lọ́dún àkọ́kọ́, kí ni yóò fẹ́ máa ṣe. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè: ohun tó wà lọ́kàn ọmọ, àwa àgbà kò lè mọ̀ ọ́n àfi bí òun bá sọ.

Kí ẹni tó ń dámọ̀ràn ní ìlànà JAMB lọ́wọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń ná ènìyàn lówó. JAMB ti gbé ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní orúkọ IBASS, ẹnikẹ́ni sì lè fi fóònù wò ó. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ìmọ̀ oògùn òyìnbó nílò Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Báyọ́lọ́jì, láfikún sí èdè Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ dandan fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà nílò Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́mísìrì. Ẹni tó fẹ́ ṣe akáùntì nílò Ìṣirò àti Ìmọ̀ Ọrọ̀-Ajé pẹ̀lú ẹyọ kan sí i. Fún ìmọ̀ òfin, ọ̀pọ̀ yunifásítì fẹ́ rí Lítíréṣọ̀. Ìlànà wọ̀nyí máa ń yí padà láti ọdún dé ọdún, yunifásítì kan sì lè béèrè ohun tí òmíràn kò béèrè. Nítorí náà, kí a má ṣe fi èyí tí a kọ́ sórí nígbà kan dá ọmọ lóhùn, kí a ṣí i wò lójú ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ àwọn òbí wá kù. Bàbá kan lè wọlé pé dókítà ni òun fẹ́, kò sì ní gbọ́ ohun mìíràn. Ẹ má bá a jà, ẹ má sì dójú ti ọmọ níwájú rẹ̀. Ẹ tẹ́ èsì ọdún mẹ́ta kalẹ̀ sórí tábìlì, kí òun fúnra rẹ̀ kà á. Bí ó bá ṣì takú, ẹ bá a ṣàdéhùn: ọmọ yóò wọ sáyẹ́ǹsì fún táàmù kan, máàkì báyìí ni a retí nínú Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́mísìrì, a óò sì tún pàdé ní oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀ láti wò ó. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọmọ, òbí àti ọ̀gá fi ọwọ́ sí i. Àdéhùn yìí ti gba ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ ìjà, nítorí pé nígbà mìíràn ọmọ á yà wá lẹ́nu tí yóò sì ṣe dáadáa, nígbà mìíràn bàbá á rí òtítọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ṣẹ̀sín.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un tí a kì í sábà kà sí ìtọ́sọ́nà. Ọ̀gá tó bá kó gbogbo olùkọ́ Ìṣirò tó múná lọ sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì, tó wá fi kíláàsì áàtì sílẹ̀ fún ẹni tí kò ráyè wọ kíláàsì, ti pinnu ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ áàtì náà, nítorí pé àwọn kan nínú ohun tí wọ́n lè lọ kọ́ lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ ṣì ń béèrè kírédíìtì nínú Ìṣirò. Bákan náà, kí ọ̀gá dẹ́kun ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu àwọn olùkọ́ pé ilé àwọn tí kò mọ̀wé ni áàtì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá máa ń gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́.

Kì í ṣe yunifásítì nìkan ni ọ̀nà

Ìmọ̀ràn tí kò mọ ju yunifásítì lọ kò pé. Kí ọmọ mọ̀ ní SS 1 pé ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wà, pé NABTEB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1992, ń ṣe ìdánwò fún wọn, àti pé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ṣì lè gbé ènìyàn lọ sí pólì. Kí ó mọ̀ pé Yaba College of Technology ti wà láti 1947, pé pólì ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ND lẹ́yìn ọdún méjì, àti pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ń fúnni ní NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tí ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọmọ tó mọ èyí ní kùtùkùtù kì í ka ara rẹ̀ sí ẹni tó kùnà nígbà tí JAMB kò bá mú un.

Tai Ṣólàárín dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, ó sì mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa dáko, kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé kíkà. Kò pọn dandan kí gbogbo ọ̀gá ní ilẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀gá èyíkéyìí lè ṣe ni pé kí ó pe àwọn oníṣẹ́ tó wà ládùúgbò wá lẹ́ẹ̀kan ní táàmù kọ̀ọ̀kan: ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, aránṣọ tó ní ọmọṣẹ́, nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀, àgbẹ̀ tó ń sin ẹja. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ iye ọdún tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́, ohun tí wọ́n ná, àti ohun tó le nínú iṣẹ́ náà, kí wọ́n má kàn sọ ti adùn rẹ̀ nìkan. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí àwọn ọmọ tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ náà gan-an wà lára wọn.

Nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ bá dé

Ní SS 3, iṣẹ́ ọ̀gá di ti ẹni tó ń ṣọ́ ìwé. WAEC kò gbà ju sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án lọ, kò sì gbà kí ó dín sí mẹ́jọ. Kí èyíkéyìí tí ọmọ nílò má bàa bọ́ sílẹ̀, kí olùdámọ̀ràn fi ohun tó wà nínú fáìlì wé ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, kí ọmọ mú un relé, kí òbí fi ọwọ́ sí i.

Orúkọ ló ń dá wàhálà tó pọ̀ jù sílẹ̀. Ọmọ kan ń jẹ́ Olúwaṣeun nínú ìwé ìbí, ó ń jẹ́ Ṣeun nínú ríjísítà, NIN rẹ̀ wá gbé orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé. Nígbà tí JAMB bá sì ń béèrè NIN, tí yunifásítì ń béèrè èsì WAEC, ìyàtọ̀ yẹn á di ìwé ìbúra àti ìrìn-àjò sí ọ́fíìsì. Ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ kan ní SS 1 tó láti fi yẹ orúkọ àti ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ wò, kí ẹni tó bá nílò àtúnṣe lè ṣe é nígbà tí àyè ṣì wà.

Ìdánwò JAMB jẹ́ sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, 400 ni àròpọ̀ máàkì rẹ̀, ìbéèrè 60 ni ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ogójì-ogójì sì ni ti àwọn mẹ́ta yòókù, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí yóò fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí kì í ṣe ìmọ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá ní kọ̀ǹpútà, kí ọ̀gá bá ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ibùdó tó ní i sọ̀rọ̀, kí àwọn ọmọ lọ ṣe ìdánrawò níbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí màgòmágó ìdánwò pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi. Ọ̀gá tó bá gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ kí olùkọ́ lè kọ ìdáhùn sójú pátákó ti wó gbogbo ohun tó kọ́ wọn láti JSS 1. Òfin tó de ìwà yìí wà láti 1999, ṣùgbọ́n kó tó di ti òfin, ọmọ tó ti rí ọ̀gá rẹ̀ tó ń ra ìdáhùn kò ní gba ìmọ̀ràn kankan mọ́ láti ẹnu rẹ̀. Kí ọ̀gá sọ ọ́ níwájú àwọn òbí ní táàmù àkọ́kọ́ pé kò ní ṣẹlẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ òun, kí ó sì fi ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́yìn aago ìparí dípò rẹ̀, kí ìbẹ̀rù tó ń lé ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ olówó màgòmágó lè dín kù.

Nígbà tí ọmọ bá wà nínú ewu

Ẹgbẹ́ òkùnkùn, oògùn olóró, yahoo, oyún, àti ìfipábánilòpọ̀ wà nínú ayé àwọn ọmọ wa, dídákẹ́ wa kò sì lè lé wọn lọ. Bí ọmọ bá wá sọ ọ̀rọ̀ irú èyí, ẹ fetí sílẹ̀ dé òpin, ẹ má bi í léèrè bí ẹni tó ń gbẹ́jọ́, ẹ má sì ṣèlérí pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí a gbọ́dọ̀ gbé lọ sí ibi tó yẹ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí àwọn ìpínlẹ̀ wa náà ti sọ di tiwọn, fi ààbò ọmọ ṣáájú ohun gbogbo. Ní Èkó, àjọ tó ń rí sí ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀ wà fún èyí. Ní àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, kí ọ̀gá mọ ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re tó sún mọ́ ọn jù, kí ó sì ti ní nọ́ńbà wọn lọ́wọ́ kí wàhálà tó dé. Bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn bá jẹ́ olùkọ́, a kì í yanjú rẹ̀ nínú ọ́fíìsì pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀.

Ẹ má ṣe pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jáde lórí ìlà. Ọmọbìnrin tó lóyún ní ẹ̀tọ́ láti padà sí kíláàsì lẹ́yìn tó bá bímọ, ọ̀gá ló sì yẹ kó kọ́kọ́ sọ fún un, ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bá lu síta, pé àyè rẹ̀ ṣì wà. Ọmọkùnrin tí ẹ bá oògùn olóró lápò rẹ̀ nílò ìjìyà tó yẹ, ṣùgbọ́n ó nílò ẹni tí yóò máa rí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ìjìyà náà. Bí a bá lé e lọ láìsí ohun mìíràn, àwọn tó fún un ní oògùn náà nìkan ni yóò kù tí yóò gbà á.

Ẹ bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ ní èdè wọn

Ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí a fi sí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́rú kò pe ìyá tó ń tajà ní ọjà Bódìjà tàbí bàbá tó ń wa ọkọ̀ láti Ọ̀ṣòdì. Ẹ fi í sí ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ má sì sọ gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. "Ẹ kú ìrìn o, ìyá Fúnmiláyọ̀. Ẹ ṣé tí ẹ fi ọjà sílẹ̀ wá. A fẹ́ kí a jọ wo ìwé ọmọ wa." Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣí ìyá lẹ́nu ju ìwé tí a fi ránṣẹ́ lọ. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun kan tó dára tí ẹ rí nínú ọmọ náà, kó jẹ́ òtítọ́, kí ẹ tó mẹ́nu ba ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò fẹ́ wá mọ́ nítorí pé ẹjọ́ nìkan ni wọ́n ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá wá.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde

Oṣù kẹjọ ni èsì WAEC sábà máa ń jáde, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ti wà ní ìsinmi tí kò sì sí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì. Kí ọ̀gá fi ọjọ́ mélòó kan sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí èsì bá jáde, kí òun tàbí olùdámọ̀ràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú fáìlì wọn, kí wọ́n sì ti sọ fún àwọn ọmọ ṣáájú pé ilẹ̀kùn yóò ṣí. Ẹni tí Ìṣirò nìkan jábọ́ fún, tó sì ti ṣe NECO, kí ó dúró de èsì ìyẹn kí ó tó náwó. Bí kò bá ṣe é, kí wọ́n ṣàlàyé ìdánwò WAEC ti àwọn tí kò sí nílé-ẹ̀kọ́ mọ́, tí a mọ̀ sí GCE, fún un, pẹ̀lú iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ yóò parí. Ẹni tí máàkì JAMB rẹ̀ kò tó fún ohun tó yàn, kí wọ́n bá a wo ohun mìíràn tí sọ́bújẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè gbé e dé kí àyè àtiyí i padà tó tì. Kí wọ́n wá ṣí ìwé ńlá kan, kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ohun tó fẹ́ dà ní JSS 3, ibi tó lọ báyìí, àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ìwé yẹn ni ìgbìmọ̀ yóò kọ́kọ́ kà ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ ẹni tí wọn yóò pè wá bá àwọn ọmọ SS 1 tuntun sọ̀rọ̀.